Òkú Tí Wọn Ò Kọrin Fún

Wọn ò kọrin. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn.

Ní abúlé Ankazomena, bí ènìyàn bá kú, kò sẹ́ni tó máa sùn dáadáa títí wọ́n á fi gbé e wọ ibojì àwọn baba rẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á pa màlúù, wọ́n á se ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jẹ tán, àwọn ọ̀dọ́ á máa bá òkú ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí èmi àti ọ̀gá mi Bakoly gun òkè débẹ̀, nínú kùrukùru tó bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀, ohùn obìnrin kan ṣoṣo la gbọ́. Ó ń kọ orin òkú nínú àbà kan nísàlẹ̀ oko ìrẹsì, níbi tí wọ́n máa ń so màlúù tó ń ṣàìsàn mọ́. Á lé orin, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ègbè, kò sẹ́ni tó máa gbè é, òun náà á wá fúnra rẹ̀ gbè é.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ jẹ́ ká padà."

"Nítorí orin?"

"Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbè é."

Ọ̀gá Bakoly wò mí láti òkè délẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọdún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ndriana, iṣẹ́ ọlọ́pàá lo ń ṣe àbí iṣẹ́ ojo? Máa bọ̀ jàre."

Vololona ni orúkọ obìnrin tó ń kọrin. Ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ Solofo sì wà lórí ẹní níwájú rẹ̀. Aṣọ ìbora lásán ni wọ́n fi bo òkú náà, wọn ò fún un ní aṣọ sílíkì tí wọ́n fi ń di òkú ọmọlúàbí. Obìnrin náà ò tiẹ̀ kí wa.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ọkọ mi kì í ṣe àjẹ́."

"Ta ló ní àjẹ́ ni?"

"Bàbá Ratsimba, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ibojì ìdílé wà. Wọ́n ní oògùn ibà tí Dókítà ń pín ti tú àṣírí rẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lónìí, wọ́n á sin ín sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á kọ orí rẹ̀ sí gúúsù bí wọ́n ṣe ń sin àjẹ́." Ó fa aṣọ ìbora náà bo ẹsẹ̀ òkú. "Kò ní sùn ti bàbá rẹ̀. Kò ní sùn ti ìyá rẹ̀. Témi náà bá kú, mi ò ní bá a níbẹ̀. Á kàn máa rìn káàkiri nínú òtútù ni títí láé, Màmá, òtútù yìí kan náà ló sì pa á!"

"Òtútù báwo?"

"Ilé ìyá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí ẹní, ó tutù bí omi odò. Kò gbọ̀n, kò làágùn. Ó ní, 'Volo, wá bò mí.' Mo kó gbogbo aṣọ inú ilé bò ó. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára."

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀. Ó rọra la ẹnu òkú náà, ó sì ní kí n wá wò ó. Mi ò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n mo wò ó. Ahọ́n Solofo pọ́n bíi pupa ẹyin, ó sì pọ́n bẹ́ẹ̀ lọ dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo mọ àwọ̀ yẹn. Nígbà tí ibà dá mi wó lóṣù tó kọjá, omi èèpo igi hazomavo ni mo mu, ahọ́n mi sì pọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi ní kí n máa fọwọ́ bo ẹnu tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tèmi ò tó èyí rárá, kò sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá Bakoly pa ẹnu òkú náà dé. "Má dákẹ́ orin, ìyàwó," ó ní. "A ń bọ̀."

*

Dókítà Haingo ò tíì sùn. Ojú rẹ̀ wú, ó sì ń fi ọwọ́ kan ṣáá fọ ife tó ti mọ́. Òun ló wà nídìí oògùn náà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń dán èèpo hazomavo wò nílé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá abúlé: ó fún ehoro tí ibà ń ṣe, ibà wọn rọlẹ̀; ó fún eku, wọn ò kú; òun àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ mu ún, wọ́n yè. Ìgbà yẹn ló tó máa pín in fún àwọn tí ibà ń ṣe lábúlé, ìgò kékeré kan fún ẹnì kan, kó mu ún tílẹ̀ bá ti ń ṣú, kí Dókítà wá wọn ara rẹ̀ lábẹ́ apá nílé tílẹ̀ bá mọ́.

"Wọn ò mu ún níwájú yín?" ọ̀gá mi bi í.

"Bẹ́ẹ̀dì mélòó ni mo ní, Màdáámù? Àwọn olórí ilé ló wá gbà á fún àwọn ará ilé wọn."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́ mọ̀nà! Gbogbo ilé tí mo wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ibà ti rọlẹ̀. Àfi ilé Ratsimba. Ibà wọn ò tilẹ̀ mira, wọ́n sì ní Solofo ṣì ń sùn nínú yàrá. Mo ní bóyá ibà tiwọn yàtọ̀ ni. Ibẹ̀ ni mo wà tí mò ń ro ìyẹn tí wọ́n fi wá sọ fún mi pé Solofo ti kú." Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Ọ̀gá mi ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lẹ tì bàbá yẹn mọ́?"

Bàbá yẹn ni Rainizafy, oníṣègùn tó ni igi náà, tó ń fúnra rẹ̀ se èèpo rẹ̀ fún Dókítà. Ọ̀gá àgbà wa ti rán ènìyàn wá tì í mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwòsàn náà, nítorí gbogbo ọjà ló gbọ́ nígbà tó ń bú Solofo pé ó lọ fi ibi tí igi òun wà han Dókítà. "Ẹnu rẹ ló máa pa ẹ́!" ló sọ. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí síbẹ̀. Ẹni tó ní kí ènìyàn kú ló se oògùn tí ènìyàn mu tó fi kú. Kí la tún ń wá kiri?

"Kọ́púràlù," arúgbó náà pè mí bó ṣe rí mi, "ahọ́n ẹ ti mọ́?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa pa á."

"Témi bá ń pa gbogbo ẹni tí mo bú lọ́jà, ta ni ì bá ṣẹ́kù ní Ankazomena? Solofo dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì, a sì jọ jẹun. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀." Ó yọ ahọ́n rẹ̀ síta gbọọrọ, ó pọ́n. "Inú ìkòkò tí mo bù fún wọn ni mo ti bu tèmi mu. Ìkòkò kan ni."

"Bí ẹnì kan bá mu ún jù ńkọ́?" ọ̀gá mi bi í.

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà. "Ara rẹ̀ á tutù. Á máa tutù lọ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa mu ún jù, ọmọ mi? Ó korò ju òróòro lọ."

Dókítà ti tẹ̀ lé wa débẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun ti rí i. "Mo fún adìyẹ mélòó kan nínú ọgbà ìta yẹn. Ìyókù ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí mo fún ní ìlọ́po márùn-ún kàn jókòó bí ẹni tó ń sàba. Nígbà tí mo máa fọwọ́ kàn án, ó ti tutù, ó ti kú."

"Adìyẹ," ọ̀gá mi ní. "Níta. Ta ló ń wò yín?"

"Gbogbo abúlé. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́."

Ọ̀gá Bakoly dijú. Kò sẹ́ni tí ìyá àgbà rẹ̀ ò sọ ìtàn tangena fún. Láyé àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n bá fura sí ènìyàn pé àjẹ́ ni, omi èso tangena ni wọ́n máa ń fún un mu. Bó bá yè é, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì sọ òkú rẹ̀ síta ibojì. Ẹni tí ò bá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ mu ún lè fi adìyẹ dípò, kí adìyẹ bá a jẹ́ ẹjọ́ náà.

"Mo mọ ìtàn yẹn," Dókítà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣì ń fi ṣe nǹkan kan."

"Wọn ò fi ṣe nǹkan kan," ọ̀gá mi ní. "Wọn ò kàn gbàgbé ni. Ẹ mú gíláàsì tẹ́ ẹ fi ń wọn ibà, ká jọ lọ."

*

Ratsimba àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjì ló jókòó yí iná ká. Wọ́n ti jẹ ìrẹsì tán, wọ́n ń mu omi tí wọ́n dà sórí èépá ìdí ìkòkò. Gbogbo wọn fi aṣọ bora dé ọrùn, ìgò kékeré márùn-ún tó ti ṣófo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kọ́kọ́rọ́ ńlá kan tó ti dípẹtà rọ̀ mọ́ bàbá náà láyà. Kò ní ká jókòó.

"Ọlọ́pàá obìnrin," ó ní, "kí lẹ wá wá? Ṣebí wọ́n ti mú ẹni tó se é."

"Mo wá kí yín kú ara fẹ́ra kù ni, Bàbá."

"Ara wo ló fẹ́ra kù? Ẹ bá wa dúpẹ́. A ò mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá wa jẹun nínú abọ́ kan náà."

"Ẹ̀yin náà mu oògùn yẹn?"

"Gbogbo wa! Èmi, ìyá yìí, àwọn ọmọ wọ̀nyí, àti òun. Ilé kan, oògùn kan, alẹ́ kan. Àwa rèé. Òun dà? Kí lẹ tún fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ?"

Ìyàwó rẹ̀ ń wo inú iná. Àwọn ọmọkùnrin náà ò gbójú sókè.

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn," ọ̀gá mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ó ti gbà fún un. "Ẹ kàn jẹ́ kí Dókítà wọn ara yín, kí ibà má lọ gbé ẹlòmíràn. Ẹ la ẹnu."

Wọ́n la ẹnu níkọ̀ọ̀kan. Dókítà ń ki gíláàsì sábẹ́ ahọ́n wọn, ọ̀gá mi sì gbé àtùpà sún mọ́ ọn kó lè ríran, ó kúkú jẹ́ ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀. Ara gbogbo wọn ń jó. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bínú sí i nínú ọkàn mi, nítorí mo ń wo oòrùn bó ṣe ń lọ, mo sì tún ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn láti ìsàlẹ̀, ó ti ń há.

"Bàbá," ọ̀gá mi ní bó ṣe ń dìde, "àgbà ni yín. Ẹ mọ òfin tangena dáadáa?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ níbí?"

"Ẹni tó fi adìyẹ dípò ara rẹ̀. Tí adìyẹ náà bá kú ńkọ́?"

Inú bàbá náà dùn pé wọ́n bi í léèrè. Ó na àyà. "Kí ló kan adìyẹ? Ẹni tó ni adìyẹ ló jẹ̀bi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ọ̀gá mi ní.

*

Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ dúró mọ́ bá a ṣe jáde. "Ọ̀gá, ẹ ti fi gbogbo ọ̀sán wọn ibà! Rainizafy ló pa á. Ó fún un ní tiẹ̀ lọ́tọ̀."

"Solofo ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Rainizafy. Ratsimba ló gba ìgò gbogbo wọn. Ndriana, nígbà tí ìwọ mu ún, ọjọ́ mélòó ni ahọ́n ẹ fi pọ́n?"

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Kí lo rí lẹ́nu Ratsimba?"

Ìtòsí ẹnu ọ̀nà ni mo wà, ṣùgbọ́n mo rí wọn. Ahọ́n mẹ́rin, wọ́n mọ́ tónítóní bíi ti ọmọ ọwọ́.

"Ahọ́n wọn mọ́, ibà wọn ò sì lọ," ọ̀gá mi ní. "Wọn ò fi ẹnu kan oògùn náà. Ìgò wọn sì ṣófo. Ta ni ahọ́n rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ nínú ilé yẹn?"

Dókítà gbá orí mú. "Ìlọ́po márùn-ún," ó ní. "Ọlọ́run ò."

"Wọ́n rí adìyẹ tó kú nínú ọgbà yín, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn baba wọn ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù láti mu ún. Wọ́n wá wá adìyẹ tiwọn."

Ojú Solofo lórí ẹní ló ń padà wá sí mi lójú, àti gbogbo aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ kó bò ó tí kò mọ̀ lára.

*

Wọ́n ti gbẹ́ ihò náà tán sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tá a débẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé dúró yí i ká, kùrukùru tún ti ń padà bọ̀. Vololona wà níbẹ̀ pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀ lórí àkàbà tí wọ́n fi gbé e. Kò dákẹ́ orin. Ó lé e, ó dúró, kò sẹ́ni tó gbè é.

Ọ̀gá Bakoly dúró láàárín ihò àti òkú.

"Bàbá Ratsimba, ẹ yọ ahọ́n yín kí gbogbo wọn rí i."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ya wèrè?"

"Rainizafy mu ún, ahọ́n rẹ̀ pọ́n. Gbogbo ilé tó mu ún níbí, ahọ́n wọn ṣì pọ́n. Ẹ wo ara yín!" Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin abúlé, wọ́n ń yọ ahọ́n síra wọn bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. "Ó ku ti Bàbá."

Ratsimba di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ìyàwó rẹ̀ ló kígbe. "Sọ ọ́! Tó ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́! Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè dijú!"

Bàbá náà jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n wú jáde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, a ní láti sún mọ́ ọn ká tó gbọ́.

"Mi ò fipá mú un. Mo ní, 'Solofo, nǹkan yìí ń bà wá lẹ́rù, ìwọ lọ́wọ́ rẹ mọ́ jù nínú wa, bá wa mu ún.' Mo ní bọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá, ẹ gbé e wá.' Ó ń pe orúkọ wa bó ṣe ń mu ún. Ó pe tèmi, ó gbé e mì. Ó pe ti ìyá yìí. Ó pe ti àwọn ọmọ. Tiẹ̀ ló kẹ́yìn. Òtútù ti ń mú un nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ ò lè pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́." Ó gbójú sókè. "Ó wá kú. Kí ni kí n gbà gbọ́? Ṣebí ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin yẹn lónìí," ọ̀gá mi ní. "Tí adìyẹ ẹni bá kú, ta ló jẹ̀bi?"

Mo ti rí ènìyàn tí wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún. Mi ò rí ojú tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá náà wo ihò tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti inú ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Dókítà.

"Fún mi ní tèmi."

Dókítà wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi fi orí júwe pé kó fún un. Dókítà yọ ìgò kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Ratsimba mu ún tán, ó sì sún lọ sétí ihò náà, ó ń dúró de ikú. Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Oòrùn rọ̀ dé orí òkè ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn náà ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀, ó ń ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀, bí ó ṣe máa ń rí tí ibà bá ń fi ènìyàn sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Kò pa mí. Kí ló dé tí kò pa mí?"

"Oògùn ibà ni, Bàbá," ọ̀gá mi ní. "Ibà nìkan ló mọ̀. Kò mọ àjẹ́, kò mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́la, ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ sí tésàn. Ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì wọ̀."

Ratsimba bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn. Ó fẹ́ gbé e fún Vololona, ṣùgbọ́n Vololona ò na ọwọ́. Ó kàn ń wò ó. Ìyàwó Ratsimba ti sáré lọ sílé, aṣọ sílíkì tí ọkọ rẹ̀ arúgbó ti tọ́jú sílẹ̀ de òkú ara rẹ̀ ló gbé dé, òun ni wọ́n sì fi di Solofo. Ratsimba fúnra rẹ̀ bọ́ sábẹ́ àkàbà náà níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, wọ́n ní kó jẹ́ kí ọ̀dọ́ gbé e, ó kọ̀.

A gun òkè lọ sí ibojì. Vololona wà lẹ́yìn òkú, ọmọ rẹ̀ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé orin náà pẹ̀lú ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì dúró díẹ̀, bó ṣe ti ń dúró láti àárọ̀.

Láti abẹ́ àkàbà, arúgbó náà gbè é.